Ẹ̀kọ́ Ìdàgbàsókè Tó Tọ́jọ́ Nílẹ̀ Olóoru: Ohun Tó Yẹ Kí Òbí àti Akẹ́kọ̀ọ́ Mọ̀ Nípa Costa Rica

Bí òbí kan bá sọ pé ọmọ òun fẹ́ lọ kàwé lókè òkun, ìlú mẹ́ta tàbí mẹ́rin náà ló máa ń wá sí wa lọ́kàn: London, New York, Toronto. Nítorí àtidé ibẹ̀ ni àwọn kan ṣe ń ta ilẹ̀ bàbá wọn, tí àwọn mìíràn sì ń tọrùn bọ gbèsè. A kò bá wọn wí, nítorí kò sí òbí tí kò fẹ́ ire fún ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tó yẹ kí á máa bi ara wa, pàápàá bó bá jẹ́ pé ẹ̀kọ́ nípa oko, igbó, omi àti àyíká ni ọmọ náà fẹ́ lọ kọ́: ṣé ibi tí yìnyín ti ń bọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù lọ́dún, tí wọn kò ti gbin kòkó rí, ni yóò ti mọ bí a ṣe ń tọ́jú oko kòkó?

Kì í ṣe pé ẹ̀kọ́ ilẹ̀ àwọn òyìnbó kò dára. Ohun tí à ń sọ ni pé àwọn orílẹ̀-èdè kan wà tí oòrùn wọn jọ tiwa, tí òjò wọn jọ tiwa, tí ìyà tó jẹ wọ́n náà sì jọ tiwa, ṣùgbọ́n tí wọ́n ti dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ láti fi kọ́ ọmọ aráyé ní ohun tí ìyà ọ̀hún kọ́ wọn. Ọ̀kan pàtàkì nínú wọn ni Costa Rica. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni a fẹ́ tú palẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹni tó fẹ́ rán ọmọ lọ síbẹ̀, àti ẹni tí kò tilẹ̀ ní kúrò nílé, lè rí nǹkan mú níbẹ̀.

Kí ni ìdàgbàsókè tó tọ́jọ́?

Ní ọdún 1987, ìgbìmọ̀ kan tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé kalẹ̀ gbé àbọ̀ ìwádìí rẹ̀ jáde. Arábìnrin Gro Harlem Brundtland, tó jẹ́ olórí ìjọba orílẹ̀-èdè Norway nígbà náà, ni alága ìgbìmọ̀ ọ̀hún. Kókó ohun tí wọ́n sọ ni pé ìdàgbàsókè tó tọ́jọ́ ni èyí tó ń pèsè ohun tí àwọn tó wà láyé lónìí nílò, láìgba ohun tí àwọn ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn yóò nílò mọ́ wọn lọ́wọ́. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti di ohun tí wọ́n ń kọ́ ní yunifásítì káàkiri ayé. Ní ọdún 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tún fi àfojúsùn 17 lélẹ̀, èyí tí wọ́n ní kí gbogbo orílẹ̀-èdè lé bá kí ọdún 2030 tó parí.

Bí a bá fi ojú Yorùbá wò ó, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àjèjì. Àgbẹ̀ tó ń fi ilẹ̀ sílẹ̀ kó lè sinmi mọ̀ ọ́n. Ọdẹ tí kì í yìnbọn sí ẹran tó lóyún mọ̀ ọ́n. Àgbẹ̀ tó bá sì se èèbù iṣu rẹ̀ jẹ lónìí, ebi ló fi ránṣẹ́ sí àmọ́dún. Ohun tí ẹ̀kọ́ òde òní fi kún un ni ìṣirò, òfin, ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ nípa ilẹ̀ àti omi, àti ọgbọ́n bí owó yóò ṣe máa wọlé fún ẹni tí kò ba àyíká jẹ́.

Kí ló dé tó fi jẹ́ Costa Rica?

Àárín gbùngbùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni Costa Rica wà, láàárín Nicaragua àti Panama. Òkun Pàsífíìkì wà ní ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, òkun Kàríbíà sì wà ní ìlà-oòrùn. Ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 51,100 kìlómítà níbùú-lóròó, èyí tó túmọ̀ sí pé Nàìjíríà fi ìlọ́po méjìdínlógún tóbi jù ú lọ. Àwọn èèyàn ibẹ̀ lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù márùn-ún, iye tí kò tó èrò ìlú Èkó. Bí a bá na okùn tààrà láti Ìlọrin sí apá ìwọ̀-oòrùn, tí a sọdá òkun, gúúsù Costa Rica ni okùn náà yóò kàn. Ìdí nìyẹn tí ohun tó ń hù níbẹ̀ fi jọ ti ilẹ̀ wa: kòkó, kọfí, ọ̀gẹ̀dẹ̀, gbágùúdá, ọ̀pẹ̀ òyìnbó, àgbàdo àti ọ̀pẹ.

Orílẹ̀-èdè náà kò ní epo rọ̀bì tó ń wà. Kò sì ní ọmọ ogun. Ní ọdún 1948, lẹ́yìn ogun abẹ́lé kan, José Figueres Ferrer tú ẹgbẹ́ ọmọ ogun ká. Wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè náà ní ọdún 1949. Owó tí àwọn mìíràn ń ná sórí ìbọn, ilé-ìwé àti ilé ìwòsàn ni Costa Rica ń ná púpọ̀ nínú rẹ̀ lé lórí.

Igbó tó tán, tó tún padà

Ohun tó mú kí akẹ́kọ̀ọ́ máa ti ilẹ̀ òkèèrè wá síbẹ̀ jùlọ ni ìtàn igbó wọn. Ní nǹkan bíi ọdún 1940, igbó bo nǹkan bíi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ilẹ̀ náà. Kò ju bíi ogójì ọdún lọ tí wọ́n fi gé èyí tó pọ̀ jù dànù. Màlúù ló kọ́kọ́ fà á. Amẹ́ríkà ń ra ẹran, báńkì sì ń yá ẹni tó bá fẹ́ sin màlúù lówó. Òfin ilẹ̀ ló ṣe ìkejì: ẹni tó bá gé igbó ni ìjọba kà sí ẹni tó ń lo ilẹ̀, òun sì ni wọ́n ń fún níwèé ilẹ̀. Ẹni tó bá fi igbó tirẹ̀ sílẹ̀, bí ọ̀lẹ ni wọ́n ṣe ń wò ó. Nígbà tí yóò fi di àárín àwọn ọdún 1980, igbó tó ṣẹ́kù kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta ilẹ̀ náà mọ́.

Ìyà sì tẹ̀lé e. Ọ̀gbàrá ń gbá ilẹ̀ lọ, ẹrẹ̀ ń kún inú odò tí wọ́n fi ń fa iná mànàmáná. Owó ẹran wálẹ̀ lọ́jà àgbáyé, gbèsè sì wọ orílẹ̀-èdè náà lọ́rùn ní ọdún 1981. Ìgbà náà ni ojú wọn là.

Ní ọdún 1996, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn ṣe òfin igbó tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 7575. Òfin náà kọ̀ ọ́ fún ẹnikẹ́ni láti sọ igbó àdáyébá di oko tàbí pápá màlúù. Ó tún ní kí ìjọba máa sanwó fún ẹni tó bá tọ́jú igbó tirẹ̀, tàbí tó bá gbin igi sórí ilẹ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ mẹ́rin ni wọ́n ní igbó ń ṣe fún ará ìlú tó yẹ kí wọ́n sanwó rẹ̀: ó ń fa afẹ́fẹ́ olóró mu, ó ń pa omi mọ́, ó ń tọ́jú ẹran àti ewéko, ó sì ń fún ilẹ̀ ní ẹwà tí àwọn arìnrìn-àjò ń wá wò. Àjọ kan tí wọ́n ń pè ní FONAFIFO ló ń san owó náà, láti ọdún 1997 ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀.

Níbo ni owó ọ̀hún ti ń wá? Inú owó-orí epo ọkọ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń jáde. Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀: ẹni tó ń wa mọ́tò, tó ń tú èéfín, ló ń sanwó fún àgbẹ̀ tó ń tọ́jú igi tó ń fa èéfín mu. Lónìí, igbó ti tún bo ohun tó lé ní ìdajì ilẹ̀ náà. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí bí ipa tí owó yìí kó ti tó, nítorí pé òfin tó de gígé igbó, owó ẹran tó já wálẹ̀ àti àwọn arìnrìn-àjò tó ń wá wo igbó náà dá sí i. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jiyàn pé igbó padà. Ní ọdún 2021, ẹ̀bùn Earthshot ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí iye rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn, tẹ orílẹ̀-èdè náà lọ́wọ́ nítorí iṣẹ́ yìí.

Ti iná mànàmáná náà ń kọ́? Láti ọdún 2015 títí di 2021, ohun tó lé ní 98 nínú ọgọ́rùn-ún iná wọn ló ń ti ara omi odò, ooru abẹ́ ilẹ̀, atẹ́gùn àti oòrùn wá. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2023 àti 2024, ọ̀dá mú kí omi odò fà, wọ́n sì ní láti jó epo kún un. Èyí náà jẹ́ ẹ̀kọ́: ẹni tó gbé ara lé omi gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ojú-ọjọ́ ń yí padà.

Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀

Ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́rin ni a fẹ́ mẹ́nu bà.

Àkọ́kọ́ ni EARTH, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Guácimo, ní ìpínlẹ̀ Limón. Ìjọba Costa Rica, ìjọba Amẹ́ríkà nípasẹ̀ USAID, àti àjọ W. K. Kellogg Foundation ló kówó dá a sílẹ̀. Ọdún 1990 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ wọlé. Ọdún mẹ́rin ni ẹ̀kọ́ náà, èdè Sípéènì sì ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Àwọn ọmọ Látìn Amẹ́ríkà, erékùṣù Kàríbíà àti Áfíríkà ló ń kàwé níbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn sì jẹ́ ọmọ àgbẹ̀ tí ilé-ẹ̀kọ́ náà ń ràn lọ́wọ́.

Ìkejì ni Yunifásítì fún Àlàáfíà, tí wọ́n ń pè ní UPEACE ní gígékúrú. Ìpàdé gbogbogbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ló fọwọ́ sí ìdásílẹ̀ rẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 1980. Ẹ̀bá ìlú Ciudad Colón ló wà, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi ń kọ́ ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Ẹni tó ti gba oyè àkọ́kọ́ ló máa ń lọ síbẹ̀ fún oyè kejì. Àjọṣe àyíká, ìdàgbàsókè àti àlàáfíà wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́. Fún àwa tí ìjà àgbẹ̀ àti darandaran ti mú ẹ̀mí lọ lọ́dọ̀ wa, ẹ̀kọ́ tó ń wádìí bí ilẹ̀ àti omi ṣe ń dá ogun sílẹ̀ kì í ṣe ohun tí a lè fojú di.

Ìkẹta ni CATIE ní ìlú Turrialba. Ìwádìí nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ olóoru bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ láti ọdún 1942, orúkọ CATIE sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1973. Ẹ̀kọ́ oyè kejì àti oyè ọ̀mọ̀wé ni wọ́n gbájú mọ́ jù, pàápàá lórí bí a ṣe ń gbin igi pọ̀ mọ́ kòkó àti kọfí.

Ìkẹrin ni OTS, ẹgbẹ́ àwọn yunifásítì àti ilé ìwádìí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1963. Àwọn ló ni ibùdó ìwádìí La Selva, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan tàbí oṣù mélòó kan nínú igbó kìjikìji gan-an, tí wọ́n á máa ka igi, tí wọ́n á máa wọn òjò, tí wọ́n á sì máa ṣọ́ ẹyẹ.

Ẹ̀kọ́ tó ń tẹ ọwọ́ bọ ilẹ̀

Ní EARTH, akẹ́kọ̀ọ́ kì í jókòó sínú kíláàsì nìkan. Iṣẹ́ oko wà lára ohun tí wọ́n fi ń gba máàkì. Wọ́n ń roko, wọ́n ń bójú tó ẹran, wọ́n sì ń kó ìgbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ àti ti màlúù sínú àpò ńlá tí afẹ́fẹ́ kò wọ̀. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, gáàsì tí a lè fi dáná yóò máa jáde nínú rẹ̀, omi tó bá ṣẹ́kù á sì di ajílẹ̀. Ẹni tó bá ti rí ilé ẹlẹ́dẹ̀ ní àdúgbò wa, tó mọ bí òórùn rẹ̀ ti ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín alájọgbé, yóò mọ̀ pé èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán.

Ilé-ẹ̀kọ́ náà ní oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ tirẹ̀ tó ń tà sí òkèèrè. Nínú oko yìí ni wọ́n ti ń dán an wò bí a ṣe lè dín oògùn apakòkòrò kù. Ohun mìíràn tó tún ń jọ àwọn èèyàn lójú ni pé wọ́n ń fi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí ẹgbẹ́-ẹgbẹ́ láti dá ilé-iṣẹ́ kéékèèké sílẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ á yá wọn lówó. Wọ́n á gbin nǹkan tàbí kí wọ́n ṣe é, wọ́n á tà á, wọ́n á dá owó padà pẹ̀lú èlé, wọ́n á sì pín èrè tó bá kù. Bí wọ́n bá jẹ gbèsè, àwọn fúnra wọn ni yóò wá ojú rẹ̀. Ní ọdún kẹta, akẹ́kọ̀ọ́ á jáde lọ síbi iṣẹ́ mìíràn fún oṣù mélòó kan, lọ́pọ̀ ìgbà sí orílẹ̀-èdè mìíràn.

Ọgbẹ́ tó wà lábẹ́ aṣọ

Bí a bá ní ilẹ̀ náà kò lábùkù, irọ́ la pa. Agbègbè tí EARTH wà yìí náà ni oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ ńláńlá wà. Ní àwọn ọdún 1960 àti 1970, wọ́n lo oògùn kan tó ń jẹ́ DBCP nínú àwọn oko náà láti pa kòkòrò inú ilẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni oògùn yìí sọ di ẹni tí kò lè bímọ mọ́.

Ti ọ̀pẹ̀ òyìnbó kò jìnnà sí i. Costa Rica ló ń ta ọ̀pẹ̀ òyìnbó tútù sí òkèèrè jùlọ ní gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n ní àwọn abúlé kan ní agbègbè Siquirres, oògùn apako tí wọ́n ń pè ní bromacil jò wọ inú omi mímu. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọkọ̀ táńkà ni ìjọba fi ń gbé omi lọ fún àwọn ará ibẹ̀. Ọdún 2017 ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ fòfin de bromacil.

Èyí ló jẹ́ kí a sọ pé ẹ̀kọ́ ibẹ̀ wúlò. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fojú kan igbó tó padà, tó sì tún fojú kan abúlé tí kò lè mu omi kànga rẹ̀, yóò mọ̀ pé kò sí orílẹ̀-èdè tó ti ṣe é tán. Yóò sì mọ ìbéèrè tó yẹ kó bi ẹni tó bá wá bá wa pé òun fẹ́ gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún éékà fún oko ńlá.

Èdè, oúnjẹ àti ojú-ọjọ́

Èdè Sípéènì ni gbogbo ìlú ń sọ. Ẹni tó bá fẹ́ lọ sí EARTH láìgbọ́ ọ gbọ́dọ̀ kọ́ ọ dáadáa ná. Ní Limón, ẹ óò rí àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń sọ irú Gẹ̀ẹ́sì ti Jàmáíkà. Láti nǹkan bíi ọdún 1872 ni àwọn baba ńlá wọn ti ń dé láti wá la ojú irin, tí wọ́n sì wá ṣiṣẹ́ oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn náà.

Oúnjẹ kò ní ṣe ọmọ wa ní àjèjì. Ìrẹsì àti ẹ̀wà ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀, wọ́n ń pè é ní gallo pinto. Ní Limón, omi àgbọn ni wọ́n fi ń sè é. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín wà, gbágùúdá wà, iṣu náà wà. Ní apá Pàsífíìkì, ẹ̀ẹ̀rùn bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Kejìlá dé oṣù Kẹrin, òjò sì ń rọ̀ láti oṣù Karùn-ún dé oṣù Kọkànlá. Ní apá Kàríbíà, kò sí oṣù tí òjò kì í rọ̀.

Ohun tó yẹ kí òbí bèèrè kó tó sanwó

Èkínní, ta ni yóò san kí ni? Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kan lè kárí owó ilé-ìwé, kó má kárí owó ọkọ̀ òfuurufú tàbí oúnjẹ. Ẹ gbà á ní kíkọ sílẹ̀ láti ọwọ́ ilé-ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ní òun yóò bá yín gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bí ẹ bá lè fi owó díẹ̀ ṣíwájú, ẹ sá fún un.

Èkejì, ọ̀nà wo ni ọmọ yóò gbà? Kò sí ọkọ̀ òfuurufú tó ń gbéra tààrà láti Èkó lọ sí San José. Orílẹ̀-èdè tí yóò ti pààrọ̀ ọkọ̀ lè béèrè físà tirẹ̀ lọ́tọ̀, yàtọ̀ sí ti Costa Rica. Ẹni tó bá sì ń ti Nàìjíríà lọ gbọ́dọ̀ ní ìwé àjẹsára ibà pọ́njú, èyí tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí yẹ́lò káàdì. Ó kéré tán, ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú ìrìn-àjò ló yẹ kó ti gba abẹ́rẹ́ náà.

Ẹ̀kẹta, ṣé wọn yóò gba ìwé-ẹ̀rí náà wọlé nílé? Ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ ló ń yẹ ìwé-ẹ̀rí òkèèrè wò. Ẹ lọ bèèrè níbẹ̀ kí ọmọ tó gbéra, kì í ṣe ìgbà tó bá dé.

Ẹ̀kẹrin ló ṣe kókó jù: bó bá padà dé, orí ilẹ̀ wo ni yóò ti lo ohun tó kọ́? Òbí tó bá ta gbogbo ilẹ̀ ìdílé láti fi rán ọmọ lọ kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú ilẹ̀, kí ló fẹ́ kó wá tọ́jú?

Nítòsí ilé

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ni apá rẹ̀ lè ká Costa Rica. Ní Àjàṣẹ́, tíí ṣe Porto-Novo, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Benin, ibùdó Songhai wà níbẹ̀. Àlùfáà ìjọ Àgùdà kan tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, Godfrey Nzamujo, ló dá a sílẹ̀ ní ọdún 1985. Níbẹ̀ náà, ìgbẹ́ ẹran ń di gáàsì, ìdin ń di oúnjẹ ẹja, omi ẹja sì ń bomi rin ẹ̀fọ́. Ọ̀dọ́ àgbẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ níṣẹ́, ọ̀nà ibẹ̀ kò sì jìn sí Èkó. Ní Ìbàdàn, ilé-iṣẹ́ ìwádìí IITA ti wà láti ọdún 1967. Yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀ sì wà ní Abẹ́òkúta láti ọdún 1988.

Igbó tí à ń wí yìí náà kò jìnnà sí wa. Igbó Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn wà lára àwọn igbó tí àjọ UNESCO kà sí ohun ìpamọ́ fún gbogbo ayé láti ọdún 1977. Síbẹ̀, ayùn àwọn agégẹdú kò sinmi níbẹ̀, oko kòkó sì ń jẹ ẹ́ wọlé. Àgbẹ̀ tó ń gé e kì í ṣe èèyàn burúkú. Ebi ló ń pa á, kò sì sí ẹni tó ń san kọ́bọ̀ fún un pé kó fi igi sílẹ̀ lóòró. Àgbẹ̀ Costa Rica náà wà bẹ́ẹ̀ títí di ọdún 1996.

Ohun tó yí ọ̀rọ̀ padà níbẹ̀ ni àwọn èèyàn tó mọ ìṣirò igbó, tó mọ òfin, tó sì mọ ibi tí owó lè ti wá. Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tí a bá rán lọ yẹ kó dà. Bó bá ti padà dé, kí a má fi í sílẹ̀ kó máa rìn kiri ọ́fíìsì pẹ̀lú ìwé-ẹ̀rí lábíyá. Ẹ jẹ́ ká fà á lé Igbó Ọmọ lọ́wọ́.